Ẹ Má Kúnlẹ̀ fún Ọlọ́pàá

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa kan wá bá mi nílé mi ní Douglasville, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà níbí, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní àwọn fẹ́ kàwé òfin, kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí fún àwọn. Eré orí tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀kan nínú wọn ń wò, ó rò pé kí lọ́yà dìde, kó nàka sí ẹlẹ́rìí, kó pariwo, ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún. Mo ní kí wọ́n jókòó. Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí, torí ó ti sú mi láti máa sọ ọ́ lẹ́nu. Iṣẹ́ lọ́yà fúnra rẹ̀ kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Àwọn èèyàn wa ló le.

Ẹjọ́ olè jíjà ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún gbà ní Atlanta àti àyíká rẹ̀. N kò gba ẹjọ́ ilé, n kò gba ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè ní olè, tó ní òun kì í ṣe olè, òun ni oníbàárà mi. Mo ti ń ṣe lọ́yà ní Ìbàdàn kí n tó wá síbí. Nígbà tí mo dé, wọ́n ní ìwé mi kò tó, mo ń gbé ẹrù ní wáháùsì, mo ń kàwé, mo tún ìdánwò ṣe, mo yege. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti ohun tí wọ́n ń san fún mi kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń wá owó kíákíá, kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ohun tó yẹ kí n sọ ni ọ̀gá mi. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, Miss Verna ni gbogbo ilé ẹjọ́ ń pè wọ́n. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, ohùn wọn kò lọ sókè rárá, síbẹ̀ ẹ̀rù wọn ń ba ọlọ́pàá. Ní àràárọ̀, kí n tó bọ́ ẹ̀wù òtútù mi, wọ́n á ti bi mí: "Kí ni olè jíjà?" Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí báwo ni ilé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dáhùn gaara bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Mo ní olè jíjà ni kéèyàn mú ohun ẹlòmíràn pẹ̀lú èrò láti fi du ẹni náà láéláé.

Miss Verna gbé kọ́fí wọn kalẹ̀. "Láéláé? Ta ló sọ láéláé fún ọ?"

"Òfin ni, ma."

"Òfin ibo? Georgia lo wà. Níbí, bí o bá fi du olóhun fún ìgbà díẹ̀ láìnídìí tó tọ́, òfin lè mú ọ. Lọ kà á, kí o padà wá."

Mo lọ kà á. Mo kà á títí tí mo fi lè sọ ọ́ lójú oorun. Kéèyàn mú ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, tàbí kó sọ ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀ di tirẹ̀, lọ́nà tí kò bófin mu, pẹ̀lú èrò láti fi ohun náà du ẹni tó ni ín. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, kò sí olè jíjà níbẹ̀. Bí olóhun bá fún ọ, kì í ṣe olè. Bí o bá gbà lóòótọ́ ọkàn pé tìrẹ ni, o ní àwíjàre. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí wọ́n bá ti ká nǹkan mọ́ ọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Irọ́ ni. Ohun tó wà lọ́wọ́ kọ́ ni wọ́n ń wá jù. Ohun tó wà lọ́kàn ni.

Bẹ́ẹ̀ ni òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, Miss Verna mú agbòòrùn mi níbi tí mo gbé e kọ́ sí, wọ́n jáde, wọn kò dé títí di ìrọ̀lẹ́. Òjò pa mí lọ kóòtù, òjò pa mí bọ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n nà án sí mi. "Ṣé olè ni mí?"

Mo ní, "Rárá o, ma. Ọ̀gá mi ni yín."

"Ọ̀gá kò sí nínú ìwé òfin. Kí ni èrò mi nígbà tí mo mú un?"

"N kò mọ̀, ma. N kò sí nínú ọkàn yín."

"Ẹnikẹ́ni kò sí nínú ọkàn ẹnikẹ́ni. Báwo ni àwọn tó ń dájọ́ á ṣe mọ èrò mi nígbà náà?"

Wọn kò ràn mí lọ́wọ́. Níkẹyìn mo ní, "Ohun tí ẹ bá ṣe ni wọ́n á wò, àti ohun tí ẹ bá sọ."

"Ehn," ni wọ́n wí. "Nítorí náà, kí ni ohun àkọ́kọ́ tí oníbàárà wa gbọ́dọ̀ ṣe?"

Kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ni. Kó pa ẹnu mọ́, kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kó ní òun fẹ́ rí lọ́yà òun. Ẹ̀kọ́ yìí rọrùn débi pé ọmọdé lè mọ̀ ọ́n. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń kọ́ àwọn èèyàn wa, wọn ò gbọ́.

Ẹ wò ó, àwọn àjèjì tó kù náà ní ìṣòro tiwọn, àmọ́ tiwa yàtọ̀. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé bí ẹnì kan bá ń bínú sí ẹ, bẹ̀ ẹ́ ná. Bóyá o jẹ̀bi, bóyá o kò jẹ̀bi, ìyẹn di ẹ̀yìn. Bẹ̀ ẹ́ kí ara rẹ̀ rọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn làgbà á wá bi yín bó ṣe jẹ́. Nílé, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ kíákíá, wọ́n á ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Ní Georgia, ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ kíákíá ti fẹnu ara rẹ̀ gbé ẹjọ́ fún ìjọba.

Àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wà ní Clarkston, ìlú ìtòsí Atlanta tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ojú mi rí nǹkan. Fẹ́mi, tó jẹ́ àbúrò, mú mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Norcross láìsọ fún un. Ẹ̀gbọ́n náà, Bùrọ̀dá Wálé, pe ọlọ́pàá, ó ní òun kàn fẹ́ kí wọ́n fi dẹ́rù bà á. Ọlọ́pàá kò mọ dídẹ́rù bani. Wọ́n de Fẹ́mi lọ́wọ́ níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, Bùrọ̀dá Wálé wọ kóòtù sí mi lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Uncle, ẹ sọ fún judge yẹn pé a ti settle ẹ̀. Mummy ti bá wa sọ ọ́ lórí phone."

"Ṣé ìwọ lo ni ẹjọ́ ni?"

"Ṣebí èmi ni mo ni mọ́tò? Èmi náà ni mo pe police."

"Ìwọ lo ni mọ́tò. Ìpínlẹ̀ Georgia ló ni ẹjọ́. Kò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́."

Kò gbà. Ó dìde nínú kóòtù, ó fẹ́ bá adájọ́ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ti òun náà mọ́lé. Ohun tó gba Fẹ́mi là ni pé Bùrọ̀dá Wálé fúnra rẹ̀ ló fún un ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà nígbà kan, kò sì gbà á padà, nítorí náà ó gbà lóòótọ́ pé òun láyè láti wà á. Mo rò pé gbogbo Clarkston á ti gbọ́ ìtàn náà, wọ́n á sì fi kọ́gbọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kéèyàn máa fún àbúrò rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́.

Miss Verna fẹ̀yìn tì, wọ́n fi ọ́fíìsì náà sílẹ̀ fún mi. Irinṣẹ́ yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìwé ńláńlá ló kún ògiri, à ń gun àkàbà ká tó mú wọn. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà dé, mo lè jókòó sílé kí n wá òfin tí mo fẹ́. Nígbà tó yá, adájọ́ ń pe ẹjọ́ lórí fóònù, oníbàárà mi kan tiẹ̀ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ láti jẹ́jọ́, ó sì ń jẹ ìpanu. Èyí tó dùn mí jù lọ ni kámẹ́rà tí wọ́n gbé há ọlọ́pàá láyà. Tẹ́lẹ̀, ọlọ́pàá á kọ ọ́ sílẹ̀ pé afurasí tọrọ àforíjì. Mo lè dìde kí n bi í pé báwo gan-an ló ṣe sọ ọ́, ó lè má rántí. Ní báyìí, kámẹ́rà rántí ohun gbogbo. Bí èèyàn wa bá kúnlẹ̀, ó ń rí i. Bó bá dọ̀bálẹ̀, ó ń rí i.

Ibẹ̀ ni Mọ́ríyíkẹ́ ti wọlé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nígbà tó yẹ kí n máa múra àtisinmi.

Ọmọ ìjọ wa ni Mọ́ríyíkẹ́, abilékọ, ìyá ọlọ́mọ. Ó ń tọ́jú ìyá arúgbó kan ní Norcross tí wọ́n ń pè ní Miss Odessa, ó ń kàwé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó ku díẹ̀ kó gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Kò tíì di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwé ìgbélùú ló ní. Miss Odessa ní páànù irin kan, irú èyí tí wọ́n fi ń dín nǹkan, tó wúwo, tó ní ọwọ́, tó dúdú tinú tòde. Inú rẹ̀ ni Mọ́ríyíkẹ́ ti máa ń dín dòdò fún wọn. Dòdò náà dùn mọ́ wọn, wọ́n ní ìgbà tí ara àwọn ṣì le ni ẹnikẹ́ni ti dáná gidi nílé náà kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé páànù fún un, wọ́n ní kó máa mú un lọ, kó máa fi dáná fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mọ́ríyíkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lórí ìkúnlẹ̀. Wọn ò ju àwọn méjèèjì lọ nínú ilé.

Ó gbé e délé ní Clarkston. Ó wò ó, ó rí i pé èérí ti gbára jọ sí i lára. Mọ́ríyíkẹ́ kì í ṣe ọ̀bùn. Ó mú ọṣẹ àti kànrìnkàn irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha páànù náà. Ó ha á títí tí ó fi ń dán.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, Denise, ọmọ Miss Odessa, wá kí ìyá rẹ̀, kò rí páànù. Ìyá náà ti ń gbàgbé nǹkan. Bí wọ́n bá ní àwọn fi ta ẹnì kan lọ́rẹ báyìí, tó bá ṣe díẹ̀ wọ́n á ní àwọn ò mọ ibi tó wà. Denise pe Mọ́ríyíkẹ́, Mọ́ríyíkẹ́ ní ó wà lọ́dọ̀ òun. Denise mú ọlọ́pàá dání wá sílé rẹ̀.

Àwòrán inú kámẹ́rà ọlọ́pàá náà ni mo wò nínú ọ́fíìsì mi, Mọ́ríyíkẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Denise gba páànù náà, ó rí i bó ṣe ń dán, ó sì bú sẹ́kún. Ìyá ìyá rẹ̀ àgbà ló kọ́kọ́ ni ín. Dúdú tí Mọ́ríyíkẹ́ pè ní èérí yẹn, òróró tí àwọn ìyá wọn ti fi dáná láti ìran dé ìran ni, tó ti jóná mọ́ ọn lára. Kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ mọ́ ọn. Wọn kì í fi kànrìnkàn irin kàn án. Bí Mọ́ríyíkẹ́ ṣe rí ẹkún yìí, ó kúnlẹ̀ gbì, ó di Denise lẹ́sẹ̀ mú. Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ dárí jì mí, ẹ̀bi mi ni, n kò mọ̀ ni. Èyí kò tó o, ó fi orúnkún yí sí ọlọ́pàá, ó ní kó bá òun bẹ̀ wọ́n.

Ọlọ́pàá ni Mọ́ríyíkẹ́ ní kó bá òun bẹ̀bẹ̀! Mo kawọ́ lérí.

"Mọ́ríyíkẹ́, kí lò ń bẹ̀ ẹ́ fún?"

"Uncle, ó ń sunkún."

"Ṣé o jí páànù ni?"

"God forbid! Grandma ló fún mi o."

"Kí ló dé tí o kò sọ ìyẹn? Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀bi mi ni, ẹ̀bi mi ni, lò ń pariwo?"

"Uncle, ẹni tó jù mí lọ ló ń sunkún níwájú mi. Ṣé kí n wá máa ro ẹjọ́ ni?"

Nítorí pé arúgbó ló ni páànù náà, tó sì jẹ́ pé Mọ́ríyíkẹ́ ló ń tọ́jú wọn, ẹ̀sùn ńlá ni wọ́n fi kàn án. Bí ilé ẹjọ́ bá kọ olè mọ́ orúkọ rẹ̀, ìwé nọ́ọ̀sì ti lọ nìyẹn, wọ́n sì lè gba ìwé ìgbélùú rẹ̀ kí wọ́n dá a padà sílé, kó fi ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ síbí. Nítorí páànù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀!

Síbẹ̀, ọ̀nà ṣì wà. Agbẹjọ́rò ìjọba tó mú ẹjọ́ náà kò burú. Ó ní òun á bá Denise sọ̀rọ̀ wò, bóyá ẹjọ́ náà á lè tán wọ́ọ́rọ́wọ́. Adájọ́ ti gba béèlì Mọ́ríyíkẹ́, ó sì kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ pe Denise, kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi náà kìlọ̀. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ní kí òun àti ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ padà fún mi. Wọ́n sọ ọ́ padà.

Ọkọ rẹ̀ gbé e lọ fún àwọn àgbà ìjọ fún àdúrà.

Àwọn àgbà gbàdúrà, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ kún un. Daddy Oyèníran, olórí wọn, ní kò sí bí wọ́n ṣe lè bí èèyàn kí àgbà bẹ̀ ẹ́ kó má gbọ́. Wọ́n ra odindi ìkòkò tuntun, gbogbo rẹ̀ ń dán, wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù dì í, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ìjọ, ó di Norcross. Wọ́n mú Mọ́ríyíkẹ́ dání, torí wọ́n ní ẹlẹ́bẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Níwájú ilẹ̀kùn Miss Odessa, níbi tí Denise wà lọ́jọ́ náà, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Aládùúgbò ń yà wọ́n ní fídíò. Denise ti ilẹ̀kùn, ó pe ọlọ́pàá.

Mo bá Daddy Oyèníran lórí fóònù. Mo gbìyànjú láti fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, kò ṣeé ṣe.

"Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbà! Adájọ́ ní ọmọ yìí ò gbọ́dọ̀ débẹ̀!"

"Lọ́yà, ẹ fara balẹ̀. A fẹ́ fi ọgbọ́n parí ẹ̀ ni."

"Wọ́n ní ẹ fẹ́ fi ẹ̀bùn pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́!"

"Ẹ̀bùn kẹ̀? Ìkòkò lásán? Ṣé wọ́n tiẹ̀ gbà á ṣá?"

"Ọlọ́pàá ló gbà á, sà. Ó ti di ẹ̀rí."

Adájọ́ wọ́gi lé béèlì, wọ́n ti Mọ́ríyíkẹ́ mọ́lé. Agbẹjọ́rò ìjọba tó ti ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ le padà. Ó ní bí Mọ́ríyíkẹ́ bá lè gbà pé òun jalè, ìjọba á sọ ẹ̀sùn náà di kékeré, Mọ́ríyíkẹ́ á sì lọ sílé lọ́jọ́ kan náà. Gbogbo ìjọ yọ̀. Ọkọ rẹ̀ yọ̀. Daddy Oyèníran ní ẹ ò wá rí i pé ẹ̀bẹ̀ wọn já sí nǹkan. Èmi nìkan ni mo ń pariwo pé olè kékeré náà olè ni lójú àwọn tó ń wo ìwé ìgbélùú, pé ilé tí wọ́n ní kó lọ yìí, ẹ̀yìn òkun ló máa já sí.

Mo lọ bá a nínú ẹ̀wọ̀n. Ó ti rù. Ó ní, "Uncle, ó ti rẹ̀ mí. Àwọn ọmọ mi ń sunkún lórí phone. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ wọ́n kó tán."

Òfin kò fún mi láyè láti yan fún un. Mo sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ fún un, mo sì ní, "Adájọ́ á ka ohun tí à ń pè ní olè jíjà sí ọ létí, á bi ọ́ bóyá ohun tí o ṣe nìyẹn. Má dá a lóhùn bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Dá a lóhùn bó ṣe ṣẹlẹ̀." Ó mi orí pé òun gbọ́. N kò gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, àwọn àgbà ìjọ kún ẹ̀yìn wa, Denise jókòó lápá kejì. Adájọ́ ka ohun tí olè jíjà jẹ́, bí Miss Verna ṣe máa ń bi mí ní àràárọ̀. Ó bi Mọ́ríyíkẹ́ bóyá ó mú páànù náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Adájọ́ bi í bóyá ti ẹlòmíràn ni, bóyá ó fẹ́ fi du ẹni tó ni ín.

Mo gbọ́ tí Daddy Oyèníran wúkọ́ lẹ́yìn mi, ikọ́ ẹni tó fẹ́ kí ọmọdé tètè dá àgbà lóhùn.

"Rárá, sà," ni Mọ́ríyíkẹ́ wí. "Nígbà tí mo mú un, tèmi ni. Grandma ló fún mi."

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. "Mo ti wo fídíò. Kí ló dé tí o kúnlẹ̀ tí ò ń tọrọ àforíjì?"

"Torí mo fọ̀ ọ́, sà. Mo fọ gbogbo oúnjẹ tí ìyá wọn sè kúrò lára rẹ̀. N kò mọ̀. Wọ́n ń sunkún, èmi ni mo pa wọ́n lẹ́kún. Ìyẹn ni mo ń bẹ̀ wọ́n fún, mo ṣì ń bẹ̀ wọ́n. Àmọ́ n kò jalè."

Orí ìdúró ló wà. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti rí i dájú. Adájọ́ ní òun kò lè gba irú ìjẹ́wọ́ báyìí, ó pa fáìlì dé, ó ní kí wọ́n múra ìgbẹ́jọ́. Ojú mi ṣú, omi gbà á, mo ṣe bí ẹni pé mò ń wá bírò mi nílẹ̀.

Kò dé ìgbẹ́jọ́. Denise bá agbẹjọ́rò ìjọba lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ojoojúmọ́ ni ìyá òun ń bèèrè ọmọ tí àwọn fún ní páànù, pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wá dín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òun ti rò pé ọ̀rọ̀ ogbó lásán ni. Òun rò pé olè ló kúnlẹ̀ tí ń sunkún lọ́jọ́ náà, òun kò mọ̀ pé nítorí pé ó fọ páànù ni. Wọ́n pa ẹjọ́ náà tì. Mọ́ríyíkẹ́ gba ìwé nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì wà ní Clarkston títí di òní.

Òun ni ẹjọ́ ńlá tí mo gbà kẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ti rí i. Ìwé òfin kò tó ojú ewé kan lórí ohun tí olè jíjà jẹ́. Ìyókù ni ẹ̀yin àti àwọn bí Daddy Oyèníran máa jọ fà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú Mọ́ríyíkẹ́ sílẹ̀, ó sáré bá mi níwájú ilé ẹjọ́, níbi tí ọlọ́pàá ń gbà kọjá, tí kámẹ́rà há gbogbo wọn láyà, ó sì kúnlẹ̀ sórí kọnkéré níwájú mi.

"Dìde!" ni mo pariwo. "Mọ́ríyíkẹ́, dìde nílẹ̀ yìí!"

Ẹ̀rù bà á. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ mí. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dárí jì mí."

"Kí lo ṣe?"

Ó wò mí láti ilẹ̀ níbi tó wà. "N ò mọ̀, sà," ló wí. "Ẹ ṣáà má bínú."